Orúkọ Ọkọ Ọ̀rẹ́ Mi Ni Mo Fi Wúrà Tẹ̀

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ ènìyàn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Eseza Nalubowa ni orúkọ mi. Kampala ni mo ń gbé, iṣẹ́ wúrà sì ni mo ń ṣe. Kì í ṣe wúrà etí tàbí ti ọrùn. Wúrà orí káàdì ìyàwó ni, ti orí ìwé ẹ̀rí, ti ẹ̀yìn ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá gba káàdì tí orúkọ ọkọ àti ìyàwó ń dán yanran lórí rẹ̀, irú mi ló tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n á gbẹ́ orúkọ sára òǹtẹ̀ idẹ. Ẹ̀rọ á mú òǹtẹ̀ náà gbóná. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wúrà lẹ̀ mọ́ lára, tó ká jọ bí òwú. Bí òǹtẹ̀ gbígbóná bá ti tẹ ọ̀rá yẹn mọ́ páálí, wúrà á ṣí kúrò lára ọ̀rá, á lẹ̀ mọ́ páálí. Ọ̀rá tó ti ṣiṣẹ́ tán á máa ká ara rẹ̀ jọ lódìkejì ẹ̀rọ.

Losira Najjemba ló mú mi dé ìdí iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí mo ti Rakai wá sí Kampala pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, orí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mọ́kànlá. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà níbi ìtẹ̀wé Ọ̀gá Kalyango, òun ló ń ká káàdì tó ń dì í sínú àpòòwé. Òun ló kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá kí wọ́n gbà mí. Ní oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Losira fi bọ́ mi ní mátóókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Bí mo bá ní ó tó, á ní, "La ẹnu jàre, ṣé èmi ni mo jó ẹ?"

Nígbà tó bí ọmọ kẹta, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń hun agbọ̀n àti ẹní nílé. Ọ̀rá wúrà tí a ti lò tán ló ń gé wẹ́wẹ́ bí okùn, tó ń hun mọ́ etí agbọ̀n kó lè máa dán. Ọjọ́ Ẹtì, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ló ń wá gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin tó ń lọ sí òde ìyàwó fẹ́ràn agbọ̀n rẹ̀ gan-an.

Ọkùnrin tó ń bá gbé ni Aloni Walusimbi, akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí kan. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti jọ wà, ọmọ mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Suubi ni àkọ́bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pe Losira ní Ìyá Suubi. Ṣùgbọ́n Walusimbi kò fi ẹsẹ̀ kan ilé àwọn òbí Losira rí. Láàárín àwa ará Buganda, bí ọkùnrin kò bá tíì wọ kánsù, ẹ̀wù funfun gígùn, kó kó ẹbí rẹ̀ àti ẹrù lẹ́yìn, kó lọ ṣe okwanjula, ìyẹn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò sí ẹni tó máa pè é ní àna. Bàbá Losira kú sórí ìrètí yẹn. Ó ku ìyá rẹ̀ ní Kasanje.

"Ọdún tó ń bọ̀," ni orin Walusimbi. Ọdún tó ń bọ̀ ti di mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọdún méje sẹ́yìn, Ọ̀gá Kalyango gbé òǹtẹ̀ tuntun kan síwájú mi.

"Ọ̀ọ́dúnrún káàdì," ó ní. "Okwanjula ni. Àwọn ará Mityana ló ni ín. Má jẹ́ kí wúrà kankan fọ́ o, ẹnu wọn mú."

Mo so òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, mo dúró kó gbóná, mo tẹ̀ ẹ́ sórí àjákù páálí kan kí n fi wò ó. Orúkọ méjì ló jáde. Gorreti Nabbanja. Aloni Walusimbi.

Mo sọ fún ara mi pé Walusimbi pọ̀ ní Buganda. Aloni náà ò wọ́n. Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Bàbá Suubi fúnra rẹ̀ wọlé, ó ní wọ́n rán òun wá wo àpẹẹrẹ káàdì.

Ó rí mi. Àpẹẹrẹ náà wà lọ́wọ́ mi.

"Eseza," ó ní.

"Bàbá Suubi," mo ní.

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí obìnrin kan ti ń ta tíì. Kò sí ẹni tó mu tíì nínú àwa méjèèjì.

"Mi ò mọ̀ pé ibí ni wọ́n gbé e wá títí wọ́n fi rán mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló yan ibí."

"Ìyàwó wo?"

Ó wo ilẹ̀. "Bàbá Gorreti ní oko kọfí. Ó ti ní òun á fún wa ní ibi tí a máa kọ́lé sí. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Eseza. Ibo ni mo fẹ́ kó wọn sí? Inú yàrá kan yẹn náà?"

"Losira ńkọ́?"

"Losira ti wà nílé. Ẹni tó ti wà nínú ilé, ta ló tún ń ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Ọdún méjìlá, Bàbá Suubi."

"Mo mọ̀ ọ́n kà." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Gbọ́. Ẹnu tèmi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ, àbí ẹnu tìẹ? Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ fún un. Jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ ò ju ìyẹn lọ."

Mo gbà. Kí n má purọ́ fún yín, ó tilẹ̀ dà bí ọgbọ́n lójú mi. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Ní ọjọ́rú, mo tẹ káàdì náà. Ọ̀rá kan tán láàárín iṣẹ́, mo fi òmíràn sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí. Ọ̀rá tí a ti lò kì í purọ́. Ibi tí wúrà bá ti ṣí kúrò lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá, ní àwòrán lẹ́tà gan-an. Bí o bá gbé e sókè sí oòrùn, gbogbo orúkọ tí o tẹ̀ ni wàá kà. Mo mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rá tó tán yẹn, tí mo dáná sun ún lẹ́yìn ilé. Mo ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó jalè.

Èyí tó ṣẹ́kù lórí ẹ̀rọ kò wá sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìyókù rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ìwé orin ẹgbẹ́ akọrin kan. Nígbà tó tán, orúkọ ẹgbẹ́ akọrin ló wà níta, ó bo ohun tó wà nínú. Mo jù ú sínú àpò ìdọ̀tí dídán tí mo ń tọ́jú fún Losira, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe Walusimbi. "Ṣé o ti sọ fún un?"

"Ara ọmọ ò yá. Mi ò rí àyè."

"Bàbá Suubi."

"Màá wá bá ẹ lọ́la."

Ó wá lóòótọ́. Kò sì mẹ́nu ba Losira rárá. Ó jókòó sórí àpótí páálí, ó ní, "Ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìkẹ́rùsí wa. Irú èyí tí o fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Kékeré, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Ẹni tó kó o dé kò wá gbé e mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí a kó irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ mi ni ìwé rẹ̀ wà. Mo ní, ta ni mo mọ̀ tó mọ iṣẹ́ wúrà? Mo rántí ìwọ."

Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún kẹjọ nìyẹn tí mo ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Mo ti ń wo ibi tí màá gbé tèmi sí nínú yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti fún ilé iṣẹ́ tí n kò ní lórúkọ. Ọkùnrin yìí mọ̀. Losira ló sọ fún un, nítorí ó máa ń bá mi gbàdúrà lé e lórí.

"Ṣé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn?" mo bi í.

"Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kẹ̀? Àbúrò ìyàwó mi mà ni ẹ́. Kí n rí ẹ̀rọ, kí n wá gbé e fún ará ìta?"

"Ìyàwó rẹ wo?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Kí okwanjula kọ́kọ́ kọjá," ó ní. "Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ báyìí. Bó bá ti kọjá, màá gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Losira á mọ̀ nígbà tó bá yẹ kó mọ̀. Ìwọ ṣáà má ṣe yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn ẹ́."

Mi ò sọ pé mo gbà. Mi ò sì sọ pé n kò gbà. Mo wí fún un pé iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo padà sídìí ẹ̀rọ. Báyìí ni mo ṣe gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, Losira wá gba ọ̀rá rẹ̀. Bó ṣe ń rìn nìkan ti sọ fún mi pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Eseza, mo rí nǹkan."

"Kí lo rí?"

"Kánsù. Tuntun ni. Bàbá Suubi dì í sínú ọ̀rá, ó fi sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ó kó aṣọ iṣẹ́ bò ó. Kóòtù tuntun náà wà níbẹ̀." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó gbé omi kún igbá tí kò fẹ́ kó dànù. "Kí ni ọkùnrin ń fi kánsù tuntun ṣe, tó sì ń fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀?"

Mo fẹ́ gba ọwọ́ mi, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó ti ń rìn bí ẹni tí nǹkan ń jẹ lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan," ó ní. "Mo rò pé ó ń ṣàìsàn ni. Mi ò mọ̀ pé ètò ló ń ṣe." Ó sún mọ́ mi sí i. "Ìwọ lò ń tẹ káàdì gbogbo ìlú yìí. Bó bá ti wá bá ẹ, má sọ fún mi. Mi ò fẹ́ ba ètò rẹ̀ jẹ́. Ṣáà rẹ́rìn-ín. Bí o bá ti rẹ́rìn-ín, màá ti mọ̀."

Ó ń wo ẹnu mi.

Mo lè sunkún. Bí mo bá ti sunkún, ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe òun. Mo lè ní, "Ìyá Suubi, jókòó." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Mo lè yí ojú mi sí ògiri.

Mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti jáde. Mo gbọ́ ọ bí ẹ̀rín ẹlòmíràn.

Losira fi orí lé èjìká mi, ó sunkún títí ọrùn aṣọ mi fi tutù. "Bàbá mi ì bá rí i," ó ń sọ. "Bàbá mi ì bá rí i." Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ọ̀rá mi dà?" Mo gbé àpò náà fún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún un.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ sí Kasanje. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó dájú. Ó kàn ní kí wọ́n tún ilé ṣe. Ìyá àgbà kò bi í ní ìbéèrè méjì. Obìnrin náà pe àwọn tó ń kun ilé, wọ́n fi ẹfun kun gbogbo ògiri. Wọ́n gé koríko àgbàlá. Ssenga rẹ̀, ìyẹn àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣe agbẹnusọ fún ọmọge lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ti ń gba búsúùtì tuntun, aṣọ òde àwa obìnrin Buganda, lọ́wọ́ aránṣọ.

Lórí fóònù ni Losira ti ń ròyìn gbogbo èyí fún mi lọ́jọ́ Ajé, tó ń fi ssenga rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ní òun ti ń fi digí kọ́ bí òun á ṣe máa ṣakọ sí àwọn ẹbí ọkọ."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, mo pe Walusimbi. "Ó ti lọ múra ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó rò pé tòun ni. O gbọ́dọ̀ sọ fún un lónìí."

Ó ní, "Ta ló sọ fún un pé tirẹ̀ ni?"

Mi ò lè sọ pé èmi ni.

"Ọjọ́ márùn-ún ló kù," ó ní. "Kò lè pa á."

Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Losira wọlé. Gbogbo ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ariwo kún ilé. Aṣọ ilé ló wọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe méjì tó jọra. Ọ̀rá wúrà ká mọ́ apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ìyókù ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀, ó ń dán.

Ẹni kìíní tó rí i dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ẹnì kejì náà dá tirẹ̀ dúró. Ọ̀gá Kalyango jáde láti yàrá rẹ̀ láti wo ohun tó fà á tí ibẹ̀ fi dákẹ́.

"Eseza," Losira ní, "ta ló tẹ èyí?"

Kò pariwo. Bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́.

"Ìyá Suubi, jẹ́ ká jáde."

"Rárá. Níbí ni mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà ẹ́. Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

Ó mi orí. "Ìta ni mo wà, mo ń tú ọ̀rá láti fi hun agbọ̀n. Orúkọ ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí ìyẹn tán, mo gbé e sí oòrùn, mo rí orúkọ ọkọ mi. Aloni Walusimbi. Ó mọ́ gaara." Ó gbé apá rẹ̀ sókè bí ẹni pé ó tún ń wò ó. "Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo ké igbe ayọ̀. Mo pe àwọn ará ilé. Gbogbo wọn ló jáde. Ìyàwó onílé ti ń jó. Mo ní, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀ sí i kí orúkọ tèmi náà jáde, kí ẹ kà á fúnra yín."

Ọ̀gá Kalyango sún mọ́ wa.

"Mo tú u. Gorreti ló jáde. Mo ní bóyá àṣìṣe ni. Mo tún tú u. Aloni, Gorreti. Aloni, Gorreti. Mo tú u dé òpin, Eseza, lójú gbogbo wọn. Mo ń wá orúkọ ara mi."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ," mo ní. "Òun ló ní kí n jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́."

"Mi ò bi ẹ́ nípa rẹ̀. Mo mọ irú ẹni tó jẹ́, èmi ni mo gbà láti máa dúró. Ìwọ ni mo wá bi léèrè. Mo ní bó bá jẹ́ tèmi, kí o rẹ́rìn-ín."

Mo wá ibi tí màá sá sí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kì í sọ iṣẹ́ oníbàárà kan fún ẹlòmíràn."

Ọ̀gá Kalyango ló dá mi lóhùn. Ọkùnrin yẹn kì í bínú. Ó ní, "Má fi òfin mi bojú, ọmọ yìí. Òótọ́ ni pé mo ní kí ẹ má sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín."

Losira tú ọ̀rá náà kúrò lápá rẹ̀. Ó ká a jọ dáadáa, bó ṣe máa ń ká káàdì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì mi.

"Iṣẹ́ rẹ mọ́," ó ní. "Mo wò ó títí, mi ò rí lẹ́tà kan tó fọ́."

Ó jáde. Mi ò tẹ̀lé e.

Ẹ má rò pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí Walusimbi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ kánsù tuntun, ó lọ sí Mityana, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn yin káàdì náà. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Losira kó ọmọ mẹ́ta àti ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó padà sí Kasanje, sínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Wọ́n ní nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun. Ó kàn ń ká ẹní tí wọ́n yá nílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n.

Ibí ni màá ti sọ èyí tó burú jù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti lè máa rò pé mo kọ ẹ̀rọ náà.

Mi ò kọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé e dé. Mo wò ó nínú páálí rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, bí mo bá dá a padà, kò ní dá ọkọ padà fún Losira. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gún régé? Mo fi iṣẹ́ Ọ̀gá Kalyango sílẹ̀ kó tó lé mi, mo gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ni mo ń jẹ lára rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tó tó oṣù mẹ́fà, ọkàn mi ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kasanje. Mo bá Losira níbi tó ti ń sá ewé tó fi ń hun agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Mo fẹ́ ta ẹ̀rọ náà," mo ní. "Màá kó gbogbo owó rẹ̀ fún ẹ."

Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ kankan wà. Ojú rẹ̀ ni mo ti rí i pé kò mọ̀. Ó rò pé nítorí ojo ni mo ṣe dákẹ́. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé nǹkan kan wà tí mo gbà.

"Ẹ̀rọ," ó ní.

Ó sá ewé mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Kí n wá gba owó rẹ̀, ká lè jọ jẹ ẹ́? Dìde nílẹ̀, Eseza. Aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Èmi dalẹ̀, ilẹ̀ ò mú mi lọ. Ó fi mí sílẹ̀ kí n máa rántí. Mo lọ́kọ lẹ́yìn náà, mo bímọ obìnrin kan. Iṣẹ́ ń wọlé. Mo sì ní ọ̀rẹ́, àmọ́ kò sí èyí tí mo jẹ́ kó sún mọ́ mi débi tó fi lè béèrè ọ̀rọ̀ pàtàkì lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá Losira kú. Mo lọ síbi ìsìnkú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, níbi tí àwọn obìnrin ti jókòó yí òkìtì mátóókè ká, tí wọ́n ń bó o. Ssenga ló kọ́kọ́ rí mi. Ó dá ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Ta ló pe eléyìí?"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Mo fẹ́ yí padà. Ni mo bá gbọ́ ohùn Losira lẹ́yìn mi.

"Òkú kì í pe èèyàn, Ssenga. Ẹ fún un lọ́bẹ."

Mo jókòó, mo bó mátóókè títí oòrùn fi yí. Oje rẹ̀ sọ ọwọ́ mi di dúdú. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó lé mi. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, Losira tẹ̀lé mi dé ojú ọ̀nà, bí a ṣe ń sin àlejò. Ó ti ru díẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú.

"Mo gbọ́ pé o bímọ," ó ní.

"Mo bímọ. Obìnrin ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

"Ó dáa. Kí lo sọ ọ́?"

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ náà. Mo ti rò ó nínú ọkàn mi pé ọjọ́ tó bá gbọ́ ọ, nǹkan kan á yọ́ láàárín wa.

"Losira," mo ní. "Orúkọ rẹ ni mo sọ ọ́."

Ó dúró. Ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù bodà-bodà tó ń gbé àlejò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, eruku bò wá. Ó dúró títí eruku náà fi lọ sílẹ̀.

"Ìyẹn náà," ó ní, "o ò bi mí kó o tó mú un."

Ó yí padà, ó lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ẹ bá mọ ohun tó máa ba ayé ọ̀rẹ́ yín jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró de ọjọ́ Àìkú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Wọn ò fipá mú mi, ebi ò sì pa mí débi tí n kò fi lè ronú. Nǹkan dídán kan ni mo rí, ojú mi sì wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, orúkọ tí ìdílé bàbá ọmọ náà fún un ni a ń pè é nílé. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbàgbé. Bí mo bá wà nídìí iṣẹ́, tí mo fẹ́ kó gbé nǹkan wá fún mi, orúkọ yẹn á já bọ́ lẹ́nu mi, ọmọ náà á sì sáré wá, á ní, "Mo dé, Màmá." Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé orúkọ náà kì í ṣe tirẹ̀.